Mẹ́rìnlá Wọlé, Ẹyọ Kan Dúró

Bọ́ọ̀lù mẹ́tàlá ti wọ ihò. Méjì péré ló kù lórí tábìlì: pupa kan tó sún mọ́ ihò ẹ̀gbẹ́, àti aláwọ̀ ọsàn kan tó dá dúró lápá ọ̀tún ibi tí wọ́n máa ń to bọ́ọ̀lù sí. Ọkùnrin tó ń gbá a kò kánjú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì pa orí ọ̀pá rẹ̀, ó yí tábìlì po, ó bẹ̀rẹ̀ wo aláwọ̀ ọsàn fínnífínní, bẹ́ẹ̀ sì rèé, pupa ló fẹ́ gbá. Ó dárúkọ bọ́ọ̀lù, ó dárúkọ ihò, ó gbá a jẹ́jẹ́. Pupa wọlé. Bọ́ọ̀lù funfun yí lọ, ó fara kan rọ́bà etí tábìlì, ó padà díẹ̀, ó dúró. Àwọn tó jókòó sórí àga gíga lẹ́bàá ògiri mi orí. Ojú wọn ò sí lára ihò tí pupa wọ̀. Ibi tí funfun dúró sí ni wọ́n ń wò, àti bó ṣe kọjú sí aláwọ̀ ọsàn tó ṣẹ́kù.

Philadelphia ni mo wà, ní Amẹ́ríkà, nínú gbọ̀ngàn kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìlú yìí ni wọ́n bí Willie Mosconi sí lọ́dún 1913. Bàbá rẹ̀ ní irú gbọ̀ngàn ayò báyìí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ òun fọwọ́ kan ọ̀pá. Ọmọ náà wá ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá pòtétò kéékèèké lórí tábìlì bàbá rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó gba ife àgbáyé nínú ayò tí mo wá wò yìí ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín ọdún 1941 sí 1957.

Straight pool ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ kejì ni 14.1. Ohun èlò rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: bọ́ọ̀lù aláwọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, funfun kan àti ihò mẹ́fà, bíi ti èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbá ní ìgboro wa tí wọ́n ń pè ní sínúkà. Àmọ́ níbí, kò sẹ́ni tó ń pín bọ́ọ̀lù sí tèmi àti tìẹ. Èyí tó bá wu ẹni lára gbogbo wọn ló lè gbá, kó ṣáà ti kọ́kọ́ dárúkọ bọ́ọ̀lù náà àti ihò tí yóò wọ̀. Èyí tó bá wọlé, ayò kan ni, nọ́ńbà yòówù kó wà lára rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ń rí i sọ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pá wà. Bó bá ṣì í, ẹnìkejì á dìde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ló gba ayò: ó lè jẹ́ 100, ó lè jẹ́ 150, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn ọ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká ro ó wò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bọ́ọ̀lù, 150 ni ayò tí à ń wá. A jẹ́ pé wọn yóò máa tún bọ́ọ̀lù tò ni, léraléra. Bí wọ́n ṣe ń tún un tò gan-an ló gbé mi wá síbí, nítorí òfin kékeré yẹn ni ọkàn ayò náà.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù kẹrìnlá wọlé, gbogbo nǹkan dúró. Atayò sún sẹ́yìn. Rẹfirí dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Adúláwọ̀ ni, ó ti dàgbà, irun orí rẹ̀ ti funfun, gbogbo ará gbọ̀ngàn ló sì ń pè é ní Bàbá. Ó ká àwọn ihò, ó ń kó bọ́ọ̀lù jáde nínú àwọ̀n wọn ní méjì-méjì. Kò fọwọ́ kan funfun, kò sì fọwọ́ kan aláwọ̀ ọsàn. Ibi tí àwọn méjèèjì bá wà ni wọn yóò wà, ìyẹn ni òfin wí. Mẹ́rìnlá yòókù ló kó sínú férémù onígun mẹ́ta, ó sì fi ṣónṣó rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Méjì ló wá síwájú, mẹ́ta tẹ̀ lé e, mẹ́rin tẹ̀ lé e, márùn-ún jókòó sẹ́yìn.

Mo sún mọ́ ọn láti wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ki ìka ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ìlà tó gbẹ̀yìn, ó ti gbogbo wọn síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá bọ́ọ̀lù dọ́gba. Àlàfo kan wà láàárín méjì iwájú, kò nípọn ju bébà lọ. Ó yọ ọ̀kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lára rẹ̀, ó dá a padà, ó tún tì wọ́n. Àlàfo náà pa. Ó wá gbé férémù sókè tààrà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, kò sì sí bọ́ọ̀lù tó mira. Aláwọ̀ ọsàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àyè tó wà láàárín òun àti wọn kò ju kí bọ́ọ̀lù kan gba ibẹ̀ kọjá. Ṣónṣó tó ṣófo wà níwájú, ojú àmì dúdú kékeré kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lórí aṣọ.

Atayò padà wá. Òfin kò sọ pé dandan ni kó gbá aláwọ̀ ọsàn. Ó lè gbá èyí tó bá wù ú nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí báyìí ló ṣe fi í síbẹ̀ láti ìṣẹ́jú mélòó kan sẹ́yìn. Ó dárúkọ ihò igun ìsàlẹ̀, ó sì gbá a, èyí kì í ṣe jẹ́jẹ́ mọ́. Aláwọ̀ ọsàn wọlé. Funfun kò dúró. Ó forí sọ ìhà ọ̀tún àwọn tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, ní ìlà kẹta, wọ́n sì túká bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ayò rẹ̀ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Férémù kìíní parí, èkejì bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ibi tí a lè nàka sí pé ààlà wọn nìyí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá ayò kan tó jẹ́ pé nọ́ńbà ara bọ́ọ̀lù ni ayò rẹ̀. Àpapọ̀ nọ́ńbà láti 1 dé 15 jẹ́ 120, nítorí náà ẹni tó bá ti ní 61 ti borí. Nígbà tó yá, wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n sọ gbogbo bọ́ọ̀lù di ayò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tún wọn tò títí iye tí wọ́n ń wá yóò fi pé. Ìṣòro kan wà nínú èyí náà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń gbá tán, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì ń tò padà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń dá ṣáṣá, tó ti kó gbogbo bọ́ọ̀lù wọlé, á wá bá ara rẹ̀ níwájú odindi férémù tó fún pinpin, tí kò sí bọ́ọ̀lù kan tó dá yọ tí yóò fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò sọ wọlé. Bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó, ibẹ̀ ló ti ń dúró.

Jerome Keogh ló mú àtúnṣe wá ní nǹkan bí ọdún 1910. Òun fúnra rẹ̀ ti gba ife nínú ayò àtijọ́ yẹn, ó mọ ibi tó ti ń dunni. Àbá rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ fi èyí tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ to mẹ́rìnlá, ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan dúró síbi tó wà, kí atayò lè fi í wọlé kí ó sì fi tú ìyókù ká. Ibẹ̀ ni 14.1 ti jáde: mẹ́rìnlá tí a tún tò, àti ẹyọ kan tí a kò tò. Láti ọdún 1912 ni wọ́n ti ń fi òfin yìí gbá ife àgbáyé, òun sì ni ayò tí wọ́n fi ń mọ ọ̀ta ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Àgbẹ̀ yóò tètè lóye Keogh. Ẹni tó bá jẹ iṣu rẹ̀ tán láìṣẹ́ èbù kù, kò ní ohun tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí atayò fi sílẹ̀ lórí tábìlì ni yóò sọ bóyá èyí tó kó wọlé yóò pọ̀ sí i.

Mo dúró wo ayò kejì láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sábà máa ń wà nínú férémù, tí ṣónṣó sì kún. Àwọn méjì náà kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lọ sí òdìkejì tábìlì kó lè padà wá; ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ etí tábìlì jù ló ní ẹ̀tọ́ láti yàn. Obìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú ló borí. Kíá ló nàwọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan, pé kó wá fọ́ ọ. Nínú ayò yìí, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ fọ́ férémù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fọ́ ọ gbọ́dọ̀ rí i pé bọ́ọ̀lù aláwọ̀ méjì, ó kéré tán, kan rọ́bà etí tábìlì, kí funfun náà sì kàn án, àfi bó bá dárúkọ bọ́ọ̀lù kan tó sì sọ ọ́ wọlé. Bí kò bá rí ìkankan nínú méjèèjì ṣe, wọ́n á yọ ayò méjì lára rẹ̀, ẹnìkejì sì lè gba tábìlì bó ṣe wà, tàbí kó ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tò kí ẹni náà tún un fọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà fara balẹ̀. Ó fi funfun ha ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù tó wà ní igun ẹ̀yìn. Méjì jáde, wọ́n kan rọ́bà, wọ́n padà sídìí àwọn yòókù. Funfun yí etí tábìlì ká, ó lọ sinmi sókè lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí gbogbo wọn. Obìnrin náà wò ó, kò rí èyí tó lè gbá wọlé. Ó kéde pé ìṣọ́ra lòun fẹ́ gbá, ó fi funfun kan àwọn yòókù díẹ̀, ó sì dá a padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti wàhálà sọ́dọ̀ ara wọn fún ìgbà pípẹ́, tí kò sẹ́ni tó ní ayò kan. Yàtọ̀ sí ti fífọ́ férémù àkọ́kọ́, fáòlù kọ̀ọ̀kan ń gba ayò kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe é, nítorí náà ayò èèyàn lè lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí ẹnì kan bá ṣe fáòlù mẹ́ta tẹ̀ léra, ìyà rẹ̀ pọ̀: yàtọ̀ sí ẹyọ kan ti fáòlù kẹta, wọ́n á tún yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn, wọ́n á kó gbogbo bọ́ọ̀lù padà sínú férémù, òun náà ni yóò sì tún fọ́ ọ bí ẹni pé ayò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí títún bọ́ọ̀lù tò fi ń di ìyà nínú ayò yìí tó tó èyí.

Ọ̀rọ̀ dé bá wọn nígbà tí obìnrin náà rí ọ̀nà. Ó kó mẹ́tàlá wọlé láìdúró. Nígbà tó ku méjì, ó gbá ọ̀kan wọlé, ṣùgbọ́n funfun fara kan èkejì lójú ọ̀nà, ó sì tì í díẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà yí, ó dúró sórí ìlà pẹ́ńsùlù.

Ìlà yẹn ṣe pàtàkì. Lórí tábìlì tí wọ́n bá ti ń gbá straight pool dáadáa, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìta férémù ká lórí aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fojú díwọ̀n ibi tí férémù máa ń jókòó sí. Bọ́ọ̀lù tó bá wà lóde ìlà ò dí férémù lọ́wọ́, yóò dúró síbi tó wà. Èyí tó bá wọnú rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìta ló wà," ni obìnrin náà wí.

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e padà, ó sì tẹ orí rẹ̀ síwájú títí ó fi wà lókè bọ́ọ̀lù náà gan-an, tó ń wò ó látòkè wá sílẹ̀. Bí èèyàn bá wo bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́, ibi tó ti fara kan aṣọ ni yóò rí, ibẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ikùn bọ́ọ̀lù ló máa ń yọ kọjá ìlà. Ìbú bọ́ọ̀lù jẹ́ mìlímítà 57, férémù kò sì lè gba inú bọ́ọ̀lù kọjá.

"Inú ló wà, ọmọ mi," ni Bàbá dáhùn. "Mo rí ìlà lábẹ́ rẹ̀."

Obìnrin náà tẹrí gbà. Bàbá gbé bọ́ọ̀lù náà lọ sórí àmì òkè, ní òdìkejì tábìlì, ó sì to mẹ́rìnlá. Èyí tí ó ti fi ọgbọ́n pa mọ́ láti fi tú wọn ká kò sí níbẹ̀ mọ́. Funfun wà lẹ́yìn àwọn tí wọ́n tò, ìṣọ́ra nìkan ló lè gbá. Ìwọ̀n ìka kan ló pàdánù, òun ló sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sinmi, mo bẹ Bàbá pé kó ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi lè dojú rú bẹ́ẹ̀. Ó mú mi lọ sídìí tábìlì kan tí kò sẹ́ni níbẹ̀, ó kó bọ́ọ̀lù dání, ó ń fi hàn mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tábìlì náà ní àmì mẹ́ta ní gbọọrọ àárín rẹ̀: àmì ìsàlẹ̀, níbi tí ṣónṣó férémù máa ń wà, àmì àárín, àti àmì òkè. Ìlà kan tí a kì í sábà fà, ṣùgbọ́n tí gbogbo èèyàn mọ̀, dábùú tábìlì gba orí àmì òkè kọjá. Ẹ̀yìn ìlà yẹn ni wọ́n ti ń fọ́ férémù àkọ́kọ́.

Ó kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù méjì sẹ́nu ihò kan. Bí ìkẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún bá jọ wọlé nígbà kan náà, tí ẹni náà sì gbá èyí tó dárúkọ wọlé, ayò méjì ni fún un. Kò wá sí èyí tó ṣẹ́kù mọ́, nítorí náà gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò padà sínú férémù. Funfun yóò dúró síbi tó wà, bí kò bá dí férémù lọ́wọ́, atayò náà ni yóò sì máa gbá a lọ. Àmọ́ odindi férémù ni yóò kọjú sí, irú èyí tí Keogh sá fún.

Ó wá gbé bọ́ọ̀lù kan sínú ìlà férémù, ó sì gbé funfun sí ìta. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nìyẹn: bọ́ọ̀lù kẹẹ̀ẹ́dógún yóò lọ sórí àmì òkè, funfun yóò dúró síbi tó wà. Bí funfun bá wá jókòó sórí àmì òkè gan-an ńkọ́, tàbí tó sún mọ́ ọn débi pé bọ́ọ̀lù mìíràn kò gbà síbẹ̀? Bàbá sún bọ́ọ̀lù náà wá sórí àmì àárín.

Ó yí wọn padà. Funfun wà nínú ìlà, bọ́ọ̀lù kẹẹ̀ẹ́dógún wà ní ìta. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ kò ní kúrò níbi tó wà; funfun ni yóò kúrò. Bí bọ́ọ̀lù aláwọ̀ náà kò bá sí lẹ́yìn ìlà òkè, atayò lè gbé funfun síbi tó bá wù ú lẹ́yìn ìlà yẹn. Bó bá wà lẹ́yìn ìlà òkè ṣùgbọ́n tí kò dí àmì, orí àmì òkè ni wọn yóò gbé funfun sí. Bó bá sì jẹ́ pé orí àmì òkè náà ló wà, funfun yóò lọ sórí àmì àárín.

Níkẹyìn, ó kó àwọn méjèèjì sínú ìlà. Èyí ló rọrùn jù: gbogbo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún padà sínú férémù, atayò sì mú funfun lọ sẹ́yìn ìlà òkè.

Mo fọwọ́ ara mi gbé bọ́ọ̀lù náà káàkiri, mo ń wá ibi tí kò tíì mẹ́nu bà. Kò sí. Ibikíbi tí bọ́ọ̀lù méjì yẹn bá dúró sí, òfin ti dé ibẹ̀ ṣáájú, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì ní. Ìdí nìyẹn tí obìnrin yẹn kò fi jà. Ibi tí ìlà wà ni wọ́n lè jiyàn lé lórí. Ohun tó kàn lẹ́yìn ìlà kò ní àríyànjiyàn nínú.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yẹn, ojú mi là sí ohun tí mò ń wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá kì í dúró kó ku méjì kí wọ́n tó ronú. Nígbà tí bọ́ọ̀lù méje tàbí mẹ́jọ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n ti yan èyí tí wọn yóò fi sílẹ̀, èyí tó wà lẹ́bàá ìlà férémù ṣùgbọ́n tí kò kàn án. Wọ́n tún ti yan èyí tí yóò ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kọ́kọ́rọ́, nítorí òun ni yóò gbé funfun dé ibi tí wọ́n ti lè gbá èyí tó gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń kó àwọn yòókù, wọn kì í sún mọ́ méjì yẹn. Mo rí atayò kan tó fi bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́nu ihò sílẹ̀, tó lọ gbá èyí tó jìnnà, nítorí pé èyí tó jìnnà ló máa ṣí ọ̀nà fún kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nípa báyìí la ṣe lè mọ bí iṣẹ́ Mosconi ti wúwo tó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1954, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó gbá bọ́ọ̀lù 526 wọlé láìṣì ẹyọ kan. Tábìlì náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó kéré ju ti ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń gbá ife lọ, ṣùgbọ́n ẹ pín 526 sí mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Kò dín ní ìgbà 37 tí wọ́n tún bọ́ọ̀lù tò fún un. Èyí túmọ̀ sí pé kò dín ní ìgbà 37 tó fi ẹyọ kan sílẹ̀ níbi tó yẹ, tí funfun rẹ̀ dúró níbi tó yẹ, tí àwọn mẹ́rìnlá sì túká bó ṣe yẹ. Ọdún 65 ló kọjá kí John Schmidt tó gbá 626 ní Monterey, ní ìpínlẹ̀ California, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ní ọdún 2022, Jayson Shaw, ọmọ Scotland, gbá 714. Férémù mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá 51 géérégé nìyẹn.

Bàbá ní orúkọ mìíràn tó fẹ́ kí n kọ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ tayọ̀tayọ̀: James Cisero Murphy, adúláwọ̀ ọmọ Brooklyn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọn kò fi jẹ́ kó bá àwọn ọ̀ta ńláńlá díje. Lọ́dún 1965, wọ́n pè é sí ìdíje àgbáyé straight pool tó wáyé ní Burbank, ní California. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dé irú ibẹ̀ nìyẹn, ó sì gba ife náà. Òun ni adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé nínú ayò yìí. Òfin títún bọ́ọ̀lù tò kò béèrè àwọ̀ ara ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù kẹẹ̀ẹ́dógún wà. Nígbà tí wọ́n gbà á láyè láti dúró níwájú òfin yẹn, ọwọ́ rẹ̀ sọ ìyókù.

Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti gbọ́ nípa straight pool lónìí, inú fíìmù The Hustler ti ọdún 1961 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, èyí tí Mosconi fúnra rẹ̀ jẹ́ olùdámọ̀ràn fún. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ayò bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án gbapò rẹ̀ nínú àwọn ìdíje ńlá, nítorí pé ó yára, tẹlifíṣọ̀n sì fẹ́ràn ohun tó yára. Àmọ́ kò kú. Ní Jámánì, ó wà nínú líìgì wọn títí dòní, ibẹ̀ sì ni Thorsten Hohmann, tó gba ife àgbáyé lọ́dún 2006, àti Oliver Ortmann, tó gbà á lọ́dún 2007 àti 2010, ti wá. Nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù náà, wọ́n ṣì ń gbá a.

Ohun tí mo fẹ́ báyìí ni kí àwọn tó ń gbá sínúkà ní ìgboro wa dán an wò. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀ sí i. Bọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà, férémù wà, ìwọ̀nba ohun tó kù ni kí wọ́n lo tábìlì tí bọ́ọ̀lù ṣeé yọ nínú ihò rẹ̀. Kí wọ́n gbé férémù sí ipò rẹ̀, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí ìta rẹ̀ ká, kí wọ́n sì to àmì mẹ́ta sí àárín tábìlì. Kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 150. Ayò 30 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí yóò ti bá títún bọ́ọ̀lù tò pàdé kí ó tó dé ibẹ̀. Kí wọ́n gbá mẹ́rìnlá, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló mọ bí a ti ń kó tábìlì tán, ọwọ́ wọn yá, ojú wọn sì mú. Ẹ̀kọ́ tí ayò yìí yóò fi kún un fún wọn ni bí a ti ń yan ohun tí a ó fi sílẹ̀, kí ọwọ́ ẹni tó kan èyí tó ṣáájú rẹ̀.